Ẹni Tó Rí Ọjà Ló Jẹ Gbèsè Òtítọ́

Nígbà tí ẹni tó ń ra ọjà kò bá rí ọjà náà, tí kò sì rí ojú ẹni tó ń tà á, ọrùn ta ni ẹrù òtítọ́ wà? Ìbéèrè àtayébáyé ni. Àwọn àlùfáà, àwọn àfáà àti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti wá ìdáhùn sí i kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan fóònù. Ṣùgbọ́n kárà-kátà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé, ó ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé, títí dé àwọn abúlé oko tó yí Ìbàdàn ká.

Mọ́níyà ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Ìjàyè sí Ìsẹ́yìn ti yà, ibẹ̀ náà sì ni ibùdókọ̀ ojú irin Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà, lórí ọ̀nà irin Èkó sí Ìbàdàn tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Ó ti pẹ́ tí gàrí, èlùbọ́, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ti ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn àti sí Èkó. Bí ọjà ṣe ń rí oníbàárà ló yí padà. Ìyá tó ń yan gàrí lè ya fọ́tò rẹ̀, kó gbé e sórí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp, kí ẹni tó wà ní Lẹ́kí ní Èkó fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì OPay rẹ̀, kí wọ́n sì di àpò náà fún awakọ̀ ní gáréèjì pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tí yóò gbà á. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló fojú rí gàrí náà kí owó tó kúrò lápò: ẹni tó tà á.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìyàtọ̀ náà ti tó, kó wo bí wọ́n ṣe ń ra gàrí lójúkojú. Oníbàárà yóò bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi àtàǹpàkò ra á mọ́ ìka kó lè mọ̀ bóyá ó gbẹ. Yóò jù ú sẹ́nu, yóò rún un, yóò gbọ́ bó ṣe kan tó. Gàrí tí iná rẹ̀ kò délẹ̀ yóò rọ̀ lábẹ́ eyín, èyí tí iná pa jù yóò sì máa rùn bí èéfín. Bó bá di àsìkò wíwọ̀n, ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára kọ́ńgò: ṣé wọn kò tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, ṣé ọwọ́ tí ìyá náà fi yí etí rẹ̀ ká kò ní tètè kúrò kí orí gàrí tó ga? Lẹ́yìn èyí ni yóò ní kí wọ́n fi èènì sí i. Ẹnu, imú, ìka àti ojú ló pawọ́ pọ̀ jẹ́rìí sí kọ́ńgò gàrí kan. Nínú fọ́tò, ojú nìkan ló kù, ohun tí ojú náà yóò sì rí, ọlọ́jà ló yàn án: òun ló yan ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára, òun ló sì pinnu pé òkè àpò ni wọ́n máa rí, wọn kò ní rí ìdí rẹ̀.

Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tí wọ́n jọ kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde ní 1986 lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn oníṣègùn fọ̀rọ̀ wérọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n rí i pé àwọn àgbà wọ̀nyí kì í ka ohun tí ènìyàn gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn mọ́ ìmọ̀. Ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ó mọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún un, ìgbàgbọ́ ni, títí di ọjọ́ tó bá dán an wò. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wo kárà-kátà orí fóònù, a ó rí i pé orí ìgbàgbọ́ ni oníbàárà dúró sí tó fi ń san owó, orí ìmọ̀ sì ni ọlọ́jà dúró sí tó fi ń gbà á. Ẹsẹ̀ wọn kò dọ́gba rárá. Inú àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì yìí ni gbogbo ẹ̀tàn ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń jáde.

Yorùbá ti mọ ọjà tí ẹni tó ni ín kò jókòó tì tipẹ́. Lójú ọ̀nà oko, àgbẹ̀ a máa to iṣu tàbí ọsàn sẹ́bàá ọ̀nà, yóò kó òkúta wẹ́wẹ́ tì í láti fi iye owó rẹ̀ hàn, yóò sì bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Èrò tó bá fẹ́ rà yóò ka òkúta, yóò fi owó sílẹ̀, yóò gbé iṣu rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa fi ààlè lé ohun ìní wọn kí olè má bàa fọwọ́ kàn án. Ìbẹ̀rù wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn kò ṣeé sẹ́, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kan jinlẹ̀ ju ìbẹ̀rù ààlè lọ: pé Olódùmarè, Arínúróde Olùmọ̀ọkàn, ń wo ìdí iṣu náà nígbà tí olóko kò sí níbẹ̀. Bọ́lájí Ìdòwú, tó kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní Yunifásítì Ìbàdàn, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè, tó jáde ní 1962, pé ìwà ni ẹ̀sìn Yorùbá fi ń díwọ̀n ènìyàn.

Àwọn tó ń fi òótọ́ ayé ọjọ́un wé jìbìtì òde òní láti fi sọ pé ènìyàn ti bàjẹ́ tán kò wo ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Iṣu ẹ̀bá ọ̀nà wà ní gbangba. Ẹni tó fẹ́ rà á lè gbé e sọ́wọ́, kó yí i, kó wò ó bóyá ó ti ń rà. Olóko ló fi ara rẹ̀ wewu, torí òun ni wọ́n lè jí nǹkan rẹ̀ gbé. Lórí fóònù, owó ló ń ṣáájú, ọjà ló ń bọ̀ lẹ́yìn, oníbàárà ló sì dá ewu náà rù. Ó ṣeé ṣe kí ọkàn ènìyàn má fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ibi tí ewu wà ló ti ṣí nípò.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ gan-an, nítorí pé oníṣòwò ni Ànábì Muhammad fúnra rẹ̀ kó tó di ońṣẹ́, oníṣòwò sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e. Imam Malik, tó kú ní Mẹ̀dínà ní ọdún 795, tó sì jẹ́ pé ìlànà òfin rẹ̀ ni àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé jù, ya orí kan sọ́tọ̀ nínú ìwé rẹ̀, Al-Muwatta, fún báàlì aṣọ tí wọ́n ń tà láti inú àkọsílẹ̀. Oníṣòwò yóò kó báàlì dé, kò ní tú u. Yóò ka ohun tó wà nínú rẹ̀ sí etí àwọn tó fẹ́ rà: irú aṣọ tó jẹ́, iye rẹ̀, bó ṣe gùn tó. Malik ní irú títà bẹ́ẹ̀ tọ́, kò sì sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́, bí ohun tó wà nínú báàlì bá ti bá àkọsílẹ̀ mu. Bí kò bá bá a mu, ọ̀ràn ti yàtọ̀. Àwọn tó ń ra báàlì òkìrìkà láìtú u lónìí, lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó ní “first grade” ni, wà nínú ọ̀rọ̀ tí Malik ń sọ gan-an. Àwọn ọmọlẹ́yìn Abu Hanifa fún oníbàárà láyè tó gbòòrò sí i: wọ́n ní ẹni tó ra ohun tí kò tíì rí lè dá a padà lọ́jọ́ tó bá rí i, kódà bí kò ní àbùkù kankan. Àwọn ọmọlẹ́yìn Shafi'i ní tiwọn kò fẹ́ kí wọ́n ta ohun tí ojú kò rí rárá. Èrò wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fún ọlọ́jà láyè láti fi fọ́tò ohun kan hàn, kó kọ “a kì í dá owó padà” sábẹ́ rẹ̀, kó sì wá fi ohun mìíràn ránṣẹ́.

Hádíìsì kan wà tí àwọn àfáà máa ń sọ nínú wáàsí, nípa ọjọ́ tí Ànábì ti ọwọ́ bọ inú òkìtì ọkà kan lọ́jà, tí ìka rẹ̀ sì kan omi. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara àwọn. Kò dá ọlọ́jà lẹ́bi nítorí òjò. Gbígbẹ tó fi bo tútù ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Thomas Aquinas, àlùfáà Kátólíìkì ará Ítálì ní ọ̀rúndún kẹtàlá, gba ọ̀nà mìíràn dé ibi tó sún mọ́ ọn. Ó pín àbùkù ọjà sí méjì, èyí tó hàn àti èyí tó pamọ́. Ẹṣin olójú kan ló fi ṣàpẹẹrẹ èyí tó hàn: ọlọ́jà lè má sọ̀rọ̀, bó bá ti gba owó tó yẹ ẹṣin olójú kan, torí pé ẹni tó ń rà á ń wo ojú ẹṣin náà. Àbùkù tó pamọ́, tó sì lè pa oníbàárà lára tàbí kó mú un pàdánù, gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu ọlọ́jà. Bí a bá gbé ẹ̀kọ́ yìí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun ńlá kan ṣẹlẹ̀ sí i. Ọlọ́jà lè ya ẹṣin náà láti ẹ̀gbẹ́ tí ojú rẹ̀ wà. Gbogbo àbùkù ló ti di èyí tó pamọ́, ẹ̀tọ́ àtidákẹ́ tí ọlọ́jà ní lójú ọjà sì ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí le ju ohun tí ọ̀pọ̀ tó ń tajà lórí fóònù rò lọ. Kò tó kí wọ́n má parọ́. Ohun tí ìka oníbàárà ì bá fọwọ́ kàn, àwọn ló gbọ́dọ̀ fẹnu ara wọn sọ ọ́.

Ẹni tó fi fóònù yí àwọ̀ epo pupa nínú fọ́tò kó lè pọ́n sí i ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ẹni tó da àró Sudan IV, tí NAFDAC ti kìlọ̀ nípa rẹ̀, sínú epo. Ewu tó wà fún ara yàtọ̀ púpọ̀. Ẹ̀tàn ojú kò yàtọ̀. Ní àìpẹ́ yìí ni èyí tó tún burú jù dé: fọ́tò tí kọ̀ǹpútà yà fúnra rẹ̀, aṣọ tí télọ̀ kankan kò rán rí, lára obìnrin tí ìyá kankan kò bí. Ẹni tó ń tà á pàápàá kò rí ọjà. Kò sí ìmọ̀ mọ́ níbì kankan nínú irú òwò bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ìmọ̀ ọjà tó jinlẹ̀ wà nínú òwe yìí. Èké kò ní àbùkù, torí pé ẹni tó pa á ló dá a bó ṣe fẹ́. Òtítọ́ ní tirẹ̀ máa ń ní àbàwọ́n lára. Fídíò tó ní ọṣẹ kan yóò mú ojú dán láàárín ọjọ́ mẹ́ta yóò rí olùwò ju èyí tó ní ó di oṣù mẹ́ta. Ẹ̀rọ Facebook, Instagram àti TikTok sì ń gbé ohun tó bá fa ojú mọ́ra síwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kì í kọ́kọ́ bèèrè bóyá òótọ́ ni. Ní ọjà àtijọ́, ẹnì kan lè dúró ti ọlọ́jà bí ẹni tó fẹ́ rà, kó máa fi owó lé owó kí ẹlòmíràn lè rò pé ọjà náà níye lórí. Najsh ni àwọn Lárúbáwá ń pè é, Ànábì Muhammad sì kà á léèwọ̀. Àwọn tó ń gbowó kọ “ó dára gan-an, tèmi ti dé” sábẹ́ ọjà tí wọn kò rà rí, najsh ni wọ́n ń ṣe. Òfin tí àjọ FTC ti Amẹ́ríkà fi ka irú ẹ̀rí èké bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, nǹkan bí ọ̀rúndún mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí Ànábì ti kà á léèwọ̀.

Fóònù ti ṣe ire ńlá fún àwọn ará oko pẹ̀lú, kò sì yẹ kí a fi í pamọ́. Alájàpá tó ń wọ abúlé lọ ra ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo mọ iye tí wọ́n ń tà á ní Bódìjà. Àgbẹ̀ tó wà lóko kì í sábà mọ̀ ọ́n. Cicero ará Róòmù gbé irú ọ̀ràn yìí yẹ̀ wò ní ọdún 44 kí wọ́n tó bí Jésù. Oníṣòwò kan kó ọkà láti Alẹkisáńdíríà dé erékùṣù Rhodes lásìkò ìyàn, ó sì mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣé ó gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn ará ìlú kó tó ta tirẹ̀? Nínú àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì tí Cicero gbé èrò wọn yẹ̀ wò, Diogenes ní kò di dandan, Antipater ní dandan ni, Cicero sì fara mọ́ Antipater. Ànábì Muhammad náà kò fẹ́ kí wọ́n lọ pàdé àwọn tó ń kó ọjà bọ̀ lọ́nà, kí wọ́n má bàa rà á ní pọ́ọ́kú lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mọ iye ọjà. Lónìí, àgbẹ̀ kan lójú ọ̀nà Ìjàyè lè pe ọmọ rẹ̀ ní Bódìjà, kó mọ iye àpò àgbàdo kí alájàpá tó parí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ohun tí wáàsí kò lè ṣe láti ọdúnmọ́dún, ìpè kan ti ṣe é.

Ó wá kù díẹ̀ káàtó pé àwọn ọlọ́jà orí íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn ń fọwọ́ ara wọn ba ire yìí jẹ́. Wọ́n á gbé fọ́tò síta, wọn kò ní kọ iye rẹ̀, wọ́n á ní kí oníbàárà wá bá àwọn ní kọ̀rọ̀. Wọ́n lè ní ìnájà ni, àti pé àṣà Yorùbá ni. Ṣùgbọ́n etí gbogbo èrò ni ìnájà ojú ọjà ti máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó dé lẹ́yìn gbọ́ ibi tí ẹni tó ṣáájú ná an dé. Ní kọ̀rọ̀, ọlọ́jà nìkan ló mọ iye tó tà á fún oníbàárà mẹ́wàá. Kíkọ iye síta ló bá òtítọ́ mu jù.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Níbi tí ojú kò bá sí, ẹnì kẹta ló máa ń dúró láàárín. Abner Cohen, tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn Hausa ní Sábó ní Ìbàdàn, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1969, ṣàlàyé bí òwò màlúù ṣe ń lọ níbẹ̀. Àwọn tó kó màlúù wá láti Òkè Ọya kò mọ àwọn alápatà Yorùbá, àwìn sì ni wọ́n ń tà á fún wọn. Onílé tó gba àlejò sílé ló ń dúró fún òwò náà. Òun ló mọ alápatà, òun ló mọ ẹni tó kó màlúù wá. Kò sì lè sá, torí pé ilé rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ wà ní Sábó. Nígbà tí Alipay bẹ̀rẹ̀ ní Ṣáínà ní 2004, iṣẹ́ onílé náà ló gbà ṣe: ó ń mú owó dání títí oníbàárà yóò fi ní ọjà ti dé. Jumia àti Konga, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012, gba oníbàárà láyè láti sanwó nígbà tí ọjà bá dé ọwọ́ rẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà kò ní fẹ́ fi owó sílẹ̀ fún ohun tí wọn kò rí.

Ìlànà yẹn gbé ewu padà sórí ọlọ́jà. Àwọn kan ń bèèrè ohun tí wọn kò ní í gbà, wọ́n á pa fóònù nígbà tí ọlọ́kadà bá dé ẹnu géètì. Àwọn mìíràn ń fi àláàtì ayédèrú han ìyá tó ń ta gàrí, ìyá náà yóò wo fóònù oníbàárà dípò kó wo àkáǹtì tirẹ̀, àpò yóò sì ti lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni pẹ̀lú ti ọlọ́jà tó fi gbígbẹ bo tútù. Oníbàárà ló mọ ohun tí ẹnìkejì kò mọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, gbèsè òtítọ́ sì ti kọjá sọ́rùn tirẹ̀.

Ẹnì kan tún wà nínú òwò yìí tí kò sí ní ọjà àtijọ́ rárá. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìpolówó mọ ohun tí ènìyàn ń wá lóru, fídíò tó dúró wò, ohun tó fẹ́ rà tó sì fi sílẹ̀, ó sì ń fi ìmọ̀ náà pawó lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Yorùbá kò fi rírí inú ẹlòmíràn lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àfi Olódùmarè, ẹni tí kì í fi ohun tó rí níbẹ̀ pawó. Bí ọlọ́jà tó mọ àbùkù ọkà bá jẹ gbèsè òtítọ́, ẹni tó mọ àìlera oníbàárà jẹ jù ú lọ. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti 2023. Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà, bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, díẹ̀ nínú ẹ̀sùn náà sì dá lórí bó ṣe ń lo ìsọfúnni àwọn ará Nàìjíríà. Meta pe ẹjọ́, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ọ fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní oṣù kẹrin ọdún 2025.

Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti Nàìjíríà ti 2018 ka ìpolówó ẹ̀tàn léèwọ̀, ó sì fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ ọjà wò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé kọ́ńgò gàrí márùn-ún lọ sílé ẹjọ́? Lórí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp, níbi tí púpọ̀ nínú òwò àwọn ìlú kéékèèké ti ń lọ, kò sí onílé tó ń mú owó dání. Àwọn ènìyàn ń ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n mọ ilé ìyá rẹ̀, tàbí ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ àdúrà, ọgbọ́n rere sì ni. Ọgbọ́n náà kò lè tẹ̀ lé ìpolówó tí wọ́n sanwó fún, èyí tí àlejò ń fi bá àlejò sọ̀rọ̀. Níbẹ̀, ilé iṣẹ́ tó gba owó ìpolówó nìkan ló mọ àwọn méjèèjì. Onílé Sábó ń gba làádá, ó sì ń dúró fún òwò tó gba làádá lórí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó gbowó lọ́wọ́ ẹlẹ́tàn láti gbé irọ́ rẹ̀ kiri gbọ́dọ̀ san owó náà padà fún ẹni tí irọ́ náà jẹ lówó.